Orúkọ Kan, Ènìyàn Méjì

...ẹnì kan ṣoṣo ò sì tíì padà wá. Ẹnì kan ṣoṣo! Mo tún wọn kà. Mẹ́rìnlá. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá ló jókòó sábẹ́ igi létí odò gbígbẹ yẹn, wọ́n kẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Tó bá ti di aago kan, Craddock, òyìnbó elétò ìdìbò, á ká tábìlì ẹ̀, á gbé àpótí ìdìbò sẹ́yìn Land Cruiser, ó tún di ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta... mélòó nínú wọn ló máa rí ọdún mẹ́ta?

Ṣó tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Neville Craddock? Wò ó níbi tó jókòó sí, tó ń fi fìlà lé eṣinṣin. Imú ẹ̀ ti pọ́n bí ata. Ó ń jẹ sọ́sééjì tí àwọn tíṣà yan fún àwọn tó bá wá dìbò. Ta ló tún ń wá dìbò báyìí? Ṣé eṣinṣin ni? Máa jẹ ẹ́ lọ. Kó há ẹ lọ́fun.

Rárá, kó má há a. Bó bá há a, ta ló máa buwọ́ lu ìwé ìdìbò? Ṣé ẹ rí ayé mi? Ọkùnrin tó ba tèmi jẹ́, èmi náà ni mo tún gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà kó wà láàyè títí di aago kan.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ṣàlàyé! Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ síwájú tábìlì, kí àwọn ìyá lè rí i pé kò sí nǹkan tó ń jẹ ènìyàn níbẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Kunmanara ni wọ́n ń pè mí báyìí, sà. Orúkọ mi wà lójú ìwé kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é síta, ẹ jẹ́ kí n fìka tọ́ka sí i."

Ó ní, "Kunmanara? Mi ò rí Kunmanara kankan níbí."

Kò lè rí i. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kú, Kunmanara ni títí ọ̀fọ̀ á fi tán. Orúkọ yẹn gan-an, a ti gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú òkú. A kì í pè é. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ń mi orí bíi aláǹgbá, ó ní, "Ó ti yé mi, ó ti yé mi." Ó yé e! Ó wo ìwé, ó gbójú sókè, ó wá la gbogbo ẹnu—

"Àwọn méjì ló ń jẹ́..."

Ó pè é. Tòun ti orúkọ ìdílé. Ohùn ẹ̀ dé ìdí táǹkì omi. "Àwọn méjì ni wọ́n ń jẹ́ ẹ níbí. Èwo nínú wọn ni ìwọ? Èyí tí wọ́n bí ní 1951 ni àbí ti 1984?"

Ti 1951. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí ti 1951 ti kú. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ mí.

Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Màmá Effie ló kọ́kọ́ yí padà, efun ọ̀fọ̀ ṣì wà níwájú orí ẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń kọjá lára mi ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́: "Òyìnbó ò mọ̀—"

Bẹ́ẹ̀ ni! Òyìnbó ò mọ̀! Òpònú ni! Mo kọ ọ́ fún wọn lọ́fíìsì, ojú ìwé kan gbáko: ẹ má pe orúkọ síta, ọ̀fọ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní àgọ́ wa ní Walka Bore. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Mo rí i lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ife tíì ló gbé lé e lórí. Ife tíì!

Báàgì yìí ń dùn mí léjìká. Jẹ́ kí n gbé e sí apá kejì.

Oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rìn káàkiri kọ orúkọ olùdìbò nínú iyanrìn pupa yìí, láti àgọ́ dé àgọ́, táyà ń bẹ́, omi ń tán. Mo gba ọ̀rọ̀ ìdìbò náà sílẹ̀ sórí fóònù ní èdè wa, kí àwọn tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ọ. Mo fi okúta márùn-ún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń to àwọn olùdíje láti ìkíní dé ìkarùn-ún. Màmá Effie wo àwọn okúta náà títí, ó ní, "Ṣé ìyẹn ni pé mo lè fi ẹni tí mo kórìíra sí ìparí pátápátá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí òun náà sì mọ̀ pé ìparí ni mo fi òun sí?"

"Wọ́n á kà á, Màmá."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Gbé pẹ́ńsùlù wá, jàre!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ta ló máa rẹ́rìn-ín mọ́? Tí mo bá kan ilẹ̀kùn wọn lọ́dún mẹ́ta òní, ta ló máa dá mi lóhùn?

Nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí. Ẹ̀rọ kan péré, nínú yàrá kan péré, kí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ má bàa fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé ní ìlú Alice, irínwó kìlómítà síbí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. A bẹ ìjọba. Ọkùnrin wọn kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá, ó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí gan-an, ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀. "Ènìyàn mẹ́sàn-án ló dìbò níbí nígbà tó kọjá," ó ní. "Mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ta ló máa jà fún ibi tí ènìyàn mẹ́sàn-án ti ń dìbò?" Kò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sáwọn yòókù. Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n gbé àpótí wá nígbà yẹn! Gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú! Ṣíọ̀!

Òní ńkọ́? Òní wàá rí mẹ́tàdínlógún. Mo kà á: tíṣà mẹ́rin, nọ́ọ̀sì, àwọn ọkùnrin tó wá kí oòrùn tó mú. Mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ó lé mọ́kànlá tí mo kọ sílẹ̀; àwọn yòókù ò ní wá bí àwọn ìyá ò bá kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun á tún ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, á tún rẹ́rìn-ín.

Àtàwọn ìyá yìí náà! Ẹ̀yin náà ẹ ti le jù! Ẹ wọlé, ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé, ẹ jáde, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún! Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀! Ẹ rí bí Àǹtí ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀ ní Alice, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń gún un lọ́wọ́, tó ń sunkún ilé... Ẹ rí i! Ẹ wá jókòó, ẹ kẹ̀yìn sí mi nítorí orúkọ lásán...

Lásán? Èmi ló sọ ọ́ yẹn? Ẹnu mi ló ti jáde? Ojú tì mí. Crystal, ọ̀gá mi tó wà lọ́fíìsì, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn lórí fóònù. "Orúkọ lásán ni a ń fẹ́, kò le." Òun náà ló ní, "Ìwé orúkọ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá ti kú, kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, fi ránṣẹ́, a ó yọ ọ́. Ṣé o ti ṣe é?" Mo ní mo ti ń ṣe é. Mo ní...

Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Craddock là ń bá wí.

Báàgì yìí. Kí ló wúwo tó báyìí nínú ẹ̀? Omi nìkan ni mo fi sí i. Omi, bírọ̀, pépà àwọn olùdíje...

Méjì. Àwọn méjì ló ń jẹ́ ẹ, ó ní. Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì?

Mo mọ ohun tó dé. Inú àpò ìta ni fọ́ọ̀mù Crystal wà, mo ká a sí mẹ́rin. Mi ò tíì mú un jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń gbé e kiri nínú báàgì yìí, mo ń gbé e sùn, mo ń gbé e jí. Mi ò kọ nǹkan kan sí i.

Òfin ò jẹ́, àbí? Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn: a kì í pe orúkọ. Irọ́. Pípè la ò gbọdọ̀ pè é. Kò sẹ́ni tó ní kí n pè é. Mo lè fìka tọ́ka sí i lójú kọ̀ǹpútà kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Mo lè sọ fún Crystal pé kó wo ẹni tí wọ́n bí ní 1951. Ìṣẹ́jú kan! Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ìyá àgbà pé kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún! Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni Craddock ì bá rí. Ì bá fi rúlà ẹ̀ fàlà sórí ẹ̀ láì lanu. Bí ikú ilé ò pa ni, tòde ò lè pa ni.

Àǹtí ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n gbé e wálé fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, kò tilẹ̀ lè jókòó, ó ní, "Gbé ìwé ẹ wá. Tèmi ni kóo kọ́kọ́ kọ. Kí wọ́n rí i pé mo wà." Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú tó fi fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà kìíní. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìwé náà, òun ni mo ń kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn tó kú pàápàá... lẹ́yìn tó kú gan-an ni mo wá ń ṣí i jù. Wọ́n ti gbálẹ̀ ilé ẹ̀, wọ́n ti sun aṣọ ẹ̀, wọ́n ti yọ fọ́tò ẹ̀ lára ògiri kílíníìkì. Ibì kan ṣoṣo ló kù tó ti ṣì wà láàyè. Mi ò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Kò sí òfin kankan ńbẹ̀. Mi ò fẹ́ ni.

Mo wo ẹ̀yìn Màmá Effie. Mo ti ń gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí méjì láti àárọ̀. Kò parí síbẹ̀. "Òyìnbó ò mọ̀," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Craddock ń nu ọwọ́ ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù lórí itan. Àlàfo méjì ló wà níbẹ̀. Lókè: orúkọ olóògbé. Nísàlẹ̀: orúkọ ẹni tó ń fi tó wa létí. Mo ṣí bírọ̀. Ọwọ́ mi ò ṣì í kọ, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ lókè. Mo kọ ọ́ nísàlẹ̀. Orúkọ kan náà, ìkọ̀wé kan náà.

Mo máa gbé e lọ bá wọn lábẹ́ igi yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á yíjú.

Wọ́n ti rí i pé o wà, Àǹtí. Èmi ni mi ò jẹ́ kí o lọ.