Làálì Ọwọ́ Toyibat

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà gbé jáde. Ìfẹ́dayọ̀ pa á, ó tún tàn án, ó sì fi há ìka obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún kan náà ni.

Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà wá sílẹ̀ tó márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wo bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìfẹ́dayọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi èèlò tí kò wọ́n tò ó pọ̀, ní yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Festac, kí ilé ìwòsàn kékeré bíi èyí tó wà nítòsí Apple Junction yìí lè ní tiwọn. Ọdún méjì gbáko! Òní ni Nọ́ọ̀sì Láídé, tó ni ilé ìwòsàn náà, gbà pé kó gbé e wá.

“Tó bá parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré,” ló ti sọ láàárọ̀, “wàá gbé e padà sílé o. Mi kì í fi ẹ̀mí èèyàn ṣe testing.”

Aláìsàn kẹta nìyí: Toyibat, aránṣọ láti Mazamaza, tí ikọ́ ti ń bá fínra láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ìfẹ́dayọ̀ wo ìka tí ẹ̀rọ há mọ́. Làálì! Ó dúdú kirikiri títí kan èékánná.

“Ìgbéyàwó nikai àbúrò mi la ṣe ní Saturday,” Toyibat sọ, ohùn rẹ̀ ń já.

Iná ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gba inú ìka kọjá kó tó lè mọ ohunkóhun, làálì sì lè dí i lọ́nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wọn àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni Ìfẹ́dayọ̀ fi dán an wò. Ọgọ́rin èèyàn, kò sẹ́ni tó lé làálì nínú wọn. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí. Ojú tì í gidigidi.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má kà á sí,” ó ń yára yọ ẹ̀rọ náà. “Làálì ló fà á. Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n.”

Èjìká Toyibat ni Nọ́ọ̀sì Láídé ń wò ní tirẹ̀, bó ṣe ń lọ sókè sódò.

“Toyibat, ka ení, èjì dé ogún fún mi.”

Nígbà tó dé ẹ̀fà, èémí rẹ̀ já. Ó di tábìlì mú, kò lè ka èyí tó kù.

“Ṣé etí náà lé làálì ni?” Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ náà, ó fi há etí rẹ̀.

Márùndínláàádọ́rùn-ún.

Kíá ni wọ́n fa ọ́síjìn sí i nímú. Ernest awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì kejì gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

“Ẹ̀rọ ẹ ò parọ́,” Nọ́ọ̀sì Láídé sọ. “Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Ohun tí Ìfẹ́dayọ̀ ti ń retí láti ọdún méjì nìyẹn, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. “Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n”: ẹnu òun náà ló ti jáde. Ó ti jókòó ti obìnrin náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, orúkọ ẹ̀rọ ló ń dáàbò bò.

Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó jókòó, ó na ìka sí i.

Ìfẹ́dayọ̀ kò tíì mú ẹ̀rọ. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá náà, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Kí ló ń ṣe yín?”