Rọ́bà Tó Mu Bẹntiróòlù

Ẹnu Yẹ̀kínnì kì í gbẹ. Ní gbogbo Mùṣín, kò sí awakọ̀ tí mẹkáníìkì yìí kò lè fi ọ̀rọ̀ lé sá. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó tọwọ́ bọ agolo bẹntiróòlù láti fa sípánà rẹ̀ yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan kan tó rọ̀ bí búrẹ́dì tó rì sínú tíì, itọ́ sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Rọ́bà ni. Ó ti wú. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú agolo nígbà tó kó mẹ́rin yòókù lọ fi sábẹ́ ẹ́ńjìnì bàálù Ẹ̀gbọ́n Christopher.

Ẹ̀gbọ́n Christopher yìí, akọ̀wé ìjọba tó ń gbé Súrùlérè ni. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti fi pákó àti aṣọ kan bàálù kékeré, ó sì gbé ẹ́ńjìnì mọ́tò ìjàpá síwájú rẹ̀. Nígbà tí rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé sán, tí bàálù ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, ó pe Yẹ̀kínnì. Wọ́n fi ṣéènì so ẹ́ńjìnì rọ̀ sára igi máńgòrò, wọ́n yọ rọ́bà àtijọ́, wọ́n fi tuntun mẹ́rin sí i.

Nǹkan kan kì í wọ ara ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi bẹntiróòlù wẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ti rẹ rọ́bà wọ̀nyẹn sínú agolo bẹntiróòlù mọ́jú kó tó kó wọn wá.

Ethel, ìyàwó Christopher, bi í léèrè: "Ṣé rọ́bà náà ń wẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ọmọ tuntun tí wọn ò tíì wẹ̀ fún, ṣé ẹ máa gbé e mọ́ra?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi sípánà di àwọn bóòtì tó mú ẹ́ńjìnì le dandan.

Àṣé orí rọ́bà tó wú ló dì í lé. Bẹntiróòlù á ti gbẹ lára wọn báyìí, wọ́n á ti súnkì, bóòtì á sì wà níbẹ̀ tí kò di nǹkan kan mú. Ọ̀sán yìí gan-an ni Christopher sì fẹ́ gbé bàálù fò, lórí yanrìn tí wọ́n fi dí irà ní Ìgànmú.

Yẹ̀kínnì fò gun kẹ̀kẹ́. Ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti gbá ìyẹn kúrò lórí rẹ̀. Apá òsì ló gbá mú. Lọ́rì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà títì.

"Wèrè, ìjọba ò tíì bá ẹ sọ̀rọ̀ ni?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ìran awakọ̀ náà ì bá gbọ́ tiwọn. Yẹ̀kínnì kò wẹ̀yìn. Ohun tó ń rí níwájú ni ẹ́ńjìnì tó já lójú ọ̀run, àti Ethel tó gbójú sókè.

Kó tó dé Ìgànmú ló ti ń gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnì ń ké. Ethel dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di gèlè rẹ̀ mú. Yẹ̀kínnì ju kẹ̀kẹ́ nù, ó ń ju ọwọ́ sókè. Christopher rò pé ó ń kí òun ni, ó juwọ́ padà, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Yẹ̀kínnì pariwo, ariwo ẹ́ńjìnì gbé e mì. Iwájú kò ṣeé gbà. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níbẹ̀ á gé e bí ilá. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́, ó rọ̀ mọ́ ṣóńṣó apá bàálù, ó ń fi ikùn wọ́ yanrìn. Bàálù fi í ṣe òpó, ó yípo, táyà rì. Christopher pa ẹ́ńjìnì.

"Yẹ̀kínnì, ṣé orí ẹ ti yí ni? O fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

Yẹ̀kínnì dìde, ó fi ìka méjì ti ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì mì síwá, ó mì sẹ́yìn, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Ethel ké láti ibi tó dúró sí: "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo dì í?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mo fi bẹntiróòlù wẹ̀ wọ́n. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ń retí èébú. Èébú ì bá tù ú lára. Christopher kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹ́ńjìnì náà. Ó gbìyànjú láti dìde, ó tún jókòó padà.

"Yẹ̀kínnì," ó rọra sọ ọ́, "gbé mi sọ̀kalẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí Ethel mọ̀ pé mi ò lè dìde."

Yẹ̀kínnì na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ dí Ethel lójú.