Ta Ló Sunkún Nígbà Tí Wọ́n Nà Wá?

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jẹ́ aṣọ́lé àkọ́kọ́ fún ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa. Àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ̀ débi pé bí mo bá juwọ́ sí ènìyàn ní òdìkejì títì, fìlà á ṣí lórí rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni Gọ́ọ̀mù dé. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, àfi kí wọ́n fi omi gbóná bó o kúrò. Níbí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ òkèèrè ni bàbá rẹ̀ ti wá, àwọ̀ ara rẹ̀ kò sì jọ tiwa. Kóòṣì bọ́ jẹ́sì nọ́ńbà kìíní lọ́rùn mi, ó fi wọ̀ ọ́, ó ní kí èmi máa gbá bọ́ọ̀lù sí i kí ara rẹ̀ lè yá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èmi! Mo jowú débi pé tí mo bá mí, dígí á sán.

Ni òǹkọ̀wé kan bá gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá ṣe tiwa kò gbọ́dọ̀ wọ jẹ́sì wa. Ó ní bí wọ́n bá nà wá, irú wọn kì í sunkún, torí ọkàn wọn ò sí níbí. Ìlú gbóná. Àwọn kan fẹ́ dáná sun ìwé ìròyìn náà, àwọn kan fẹ́ fi òǹkọ̀wé jọba. Kíláàsì kẹfà ni ìwé tèmi mọ, àmọ́ mo kà á títí lẹ́tà fi ń já bọ́ lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n nà wá ní àmì ayò mẹ́rin sí òdo. Ilẹ̀ mọ́, òǹkọ̀wé pè mí lórí fóònù.

“Ọmọ wa, ìwọ lo wà ní yàrá ìmúra. Ṣé àjèjì yẹn sunkún? Ṣáà ti sọ pé kò sunkún. Àwọn ọ̀gá yín ń ka ìwé mi. Jẹ́sì rẹ á padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.”

Jẹ́sì mi! Itọ́ kún mi lẹ́nu.

Ohun tí mo rí rèé: Gọ́ọ̀mù jókòó sábẹ́ omi ìwẹ̀ tòun ti bàtà, tòun ti ìbọ̀wọ́, ó ń sunkún bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Èmi ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá wọ̀, mo ki táwẹ́ẹ̀lì bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó kọjá lára rẹ̀ wọ àwọ̀n, àfi bíi pé wọ́n ń fi mí joyè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo joyè lọ́jọ́ náà.

“Ó sunkún, bàbá. Ẹkún yẹn tó fọ ọkọ̀ akérò mẹ́ta.”

“Ẹ̀tàn ni! Ta wá ni kò sunkún?”

“Èmi ni.”

“Kí lo wí?”

“Èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ tiyín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ṣì ń dùn mí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ wa, o ò tíì jí dáadáa. Mi ò lè kọ ìyẹn.”

“Ẹ kọ ọ́ o! Ojú ewé àkọ́kọ́!”

Ó ti gé fóònù. Jẹ́sì lọ nìyẹn.

Ẹ má wulẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Mo ṣì ń jowú ọmọkùnrin náà. Kódà ní báyìí, ẹkún tó sun yẹn gan-an ni mo ń jowú.