Wá Kí Iná

Ẹgba kẹta ló mú kí Fàrúkù di ògiri mú. Ọ̀gá Adétúnbọ̀ ti ṣẹ́ wáyà po sí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.

"Àwọ̀ wo ni iná ń bá wọlé?"

"Pupa ni, sà."

"Dúdú ńkọ́?"

"Òun ni iná fi ń padà, sà."

"Èwo ló ń gba inú súìṣì kọjá?"

"Pupa, sà."

"Ta ló wá gbé dúdú gba inú súìṣì yàrá?" Wáyà tún balẹ̀ sẹ́yìn Fàrúkù. "Bí onílé bá pa súìṣì, tó gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù, ṣé o mọ̀ pé iná ṣì ń dúró dè é lókè? Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Ràfíátù dìde níbi tó jókòó sí. "Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni kí ẹ nà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìdí tí mo fi ń nà án nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ Adétúnbọ̀. Bí ẹni tuntun bá ṣì iṣẹ́ ṣe, àgbà ọmọṣẹ́ ni yóò jẹ ẹgba rẹ̀. Fàrúkù ni àgbà báyìí. Ràfíátù ju Fàrúkù lọ lọ́jọ́ orí, ó ti bí ọmọ kan, Mobọ́lájí, ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù kan tó dé ẹnu iṣẹ́. Ó ti rán aṣọ rí, kò jẹun níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wáyà. Gbogbo ọjà Ìlá ló fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ju wáyà sílẹ̀. Ó nu ojú.

"Iná kò tíì mọ obìnrin yìí ni kò jẹ́ kó gbọ́n. Lónìí ni yóò kí iná."

Fàrúkù yí ojú padà kúrò lára ògiri.

Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Adétúnbọ̀ tí kò kí iná. Wọn yóò bó ẹnu wáyà pupa tí iná wà nínú rẹ̀, àgbà ọmọṣẹ́ yóò dì í mú, ẹni tuntun yóò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Iná yóò gbá ọwọ́ náà dànù. Àwọn tó kù yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ní, "Iná ti mọ̀ ọ́." Ìgbájọ ni ọ̀gá tó kọ́ Adétúnbọ̀ níṣẹ́ ti ṣe é fún òun náà. Ọjọ́ tí Fàrúkù kí iná, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Láti ìgbà náà, òun ló ń di wáyà mú fún àwọn mìíràn, ó sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Babáyẹmí, sá padà sí Ire lọ́jọ́ kejì, kò sì wá mọ́.

Ṣùgbọ́n orí pákó gbígbẹ ni wọ́n máa ń dúró sí, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Lónìí, Àsíìsì bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi kún ilẹ̀ pálọ̀ kí sìmẹ́ǹtì tuntun lè le dáadáa. Ó ti ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ilé náà kò sì tíì ní mítà. Ilé kejì ni wọ́n ti fa iná gba orí fẹ́ǹsì wá fún dírílù, ìyá tó ni ilé yẹn sì ti tì í pa, ó ti lọ sí Òkè-Ìlá, kò sí ẹni tó lè wọlé lọ pa iná náà.

Ọ̀gá yọ wáyà kúrò lára dírílù, ó bó ẹnu èyí tó pupa. Kọ́pà náà ń dán.

"Fàrúkù, gbà á."

"Ọ̀gá, omi wà nílẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Omi wà nílẹ̀, sà. Ìyá Mobọ́lájí ò wọ bàtà. Á pa wọ́n."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ wo ni fírídọ̀mù rẹ?"

"Sátidé, sà."

"Ìyá rẹ ti ra ewúrẹ́, àbí?"

"Wọ́n ti rà á, sà."

"Ṣé wọ́n fẹ́ máa sìn ín ni? Torí tí o kò bá gba wáyà yìí, mi ò ní gbé ọwọ́ lé ọ lórí ní Sátidé, ẹgbẹ́ ò sì ní mọ̀ ọ́ sí ọ̀gá. Wàá ṣe ọmọṣẹ́ títí irùngbọ̀n rẹ á fi funfun."

Fàrúkù wo wáyà náà. Ó wo ẹsẹ̀ Ràfíátù nínú omi. Kò na ọwọ́.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. Wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbá ọrùn ọwọ́ Ràfíátù mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Mo lọ́mọ nílé."

"Gbogbo wa la lọ́mọ. Wá kí iná."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ọ̀gá fà á padà. Fàrúkù di ẹ̀wù ọ̀gá mú láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kún eyín rẹ̀. Kò fi ẹ̀wù náà sílẹ̀. Ọ̀gá tún gún un, ẹ̀wù ya. Ràfíátù gé ọwọ́ tó dì í mú jẹ, ọ̀gá figbe ta, ó fi ẹ̀yìn rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó jókòó sínú omi gbì. Bó ti ń ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan dì mú. Ẹnu wáyà tó bó ló dì mú.

Kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ há, ọrùn rẹ̀ le, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Òórùn ẹran sísun gba pálọ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Àsíìsì ń ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Fàrúkù fò sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Pákó tí àwọn bíríkìlà ń gùn wà lára ògiri, ó gbẹ. Ó gbé e sókè, ó fi gbá apá ọ̀gá. Ọwọ́ náà já kúrò lára wáyà.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Fàrúkù tún gbé pákó náà sókè. Ọ̀gá ń wò ó láti ilẹ̀. Fàrúkù gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ibi kan náà, eegun sì dún bí igi gbígbẹ.

"Fàrúkù!" ni Ràfíátù pè é.

Ó ju pákó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ọsibítù. Ọ̀gá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá rẹ̀ kan wà nínú ẹfun líle tí dókítà fi ń to eegun, wọ́n sì fi báńdéèjì di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá Akínlabí, alága ẹgbẹ́ àwọn oníwáyà, jókòó tì í. Ràfíátù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Fàrúkù dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo ti sọ fún Bàbá bó ṣe jẹ́. Obìnrin yìí lọ fọwọ́ kan wáyà tí mo ní kó má fọwọ́ kàn. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀, iná sì gbé èmi. Ìwọ lo fi pákó yọ mí. Ọmọ gidi ni ọ́. Sátidé wa kò yẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bàbá Akínlabí wí. "Ní ti obìnrin, ẹgbẹ́ ò ní jẹ́ kó bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí mọ́. Mo ti ń wí i tẹ́lẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, Fàrúkù?"

Fàrúkù ronú kan ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Àná ni wọ́n fún un ní èèpo iṣu. Ràfíátù kò wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Rárá, sà," ni Fàrúkù wí.

"Kí ni rárá?"

"Ọ̀gá ló fẹ́ kí Ìyá Mobọ́lájí kí iná nínú omi. Mo kọ̀. A jà. Ọ̀gá ṣubú lé wáyà."

"Irọ́!" ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá wọn, Bàbá. Ìkíní jẹ́ torí iná. Wọ́n ti bọ́ kí n tó gbá èkejì. Èkejì ló fọ́ apá wọn."

"Ẹ gbọ́, Bàbá?" Ọ̀gá gbìyànjú láti dìde. "Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ó lù mí!"

Bàbá Akínlabí yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Àpá iná kékeré kan wà níbẹ̀, ó ti pẹ́.

"O mọ̀ pé ẹni tó na ọ̀gá rẹ̀ kò lè gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ wa," ló wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀, sà."

"Bí o bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, mi ò ní bínú."

"Mi ò ní nǹkan mìíràn láti sọ, sà."

Fàrúkù yọ tẹ́sítà kúrò nínú àpò, èyí tí ọ̀gá fún un lọ́jọ́ tó dé. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde.

Kò lọ sílé. Ó yà sí ilé tí wọ́n ń fa wáyà sí, Ràfíátù tẹ̀ lé e. Ìyá ilé kejì ti dé. Fàrúkù wọlé tọ̀ ọ́, ó yọ fíúsì, ó sì mú un wá fún Ràfíátù.

"Ìyá Mobọ́lájí, ẹ fi sápò. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe wáyà ni fíúsì máa ń wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú un wá, ẹ má fún un."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ má fún èmi náà."

Ràfíátù so ó mọ́ etí ìró. Fàrúkù gé ẹnu wáyà tó jóná kúrò. Ó wá tú ìdérí súìṣì yàrá.

"Àṣìṣe àná ṣì wà níbí. Ẹ wá tún un ṣe."

"Níbo ni wọ́n á jẹ́ ká ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ohun tó o wí yẹn?"

"Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe ná."

Obìnrin náà jókòó tì í. Ó tú wáyà, ó lọ́ wọn, ó tún tú wọn, ó sì dè wọ́n. Ó gbé ojú sókè.

Dúdú ló tún wà nínú súìṣì.

Ẹ̀yìn Fàrúkù ń ta á. Ègé wáyà tí ọ̀gá fi nà án ṣì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, bó ṣe ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ó wò ó díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lóṣòó ti Ràfíátù.

"Ẹ tú u," ló wí. "Ẹ tún bẹ̀rẹ̀."