Ìbò Màmá Ìyàwó Mi

Agẹrun ni mí, ẹnu àwọn oníbàárà mi sì mú ju abẹ mi lọ. Ìdajì wọn ń ṣe ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè, ìdajì ń ṣe alátakò. Télọ̀ àti mẹkáníìkì tilẹ̀ ti fa ara wọn láṣọ ya rí lórí àga mi.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, oòrùn mú ganrínganrín. Ni télọ̀ bá ní, "Mẹkáníìkì, bí mo bá dìbò, tìrẹ á pa tèmi rẹ́. Kí la wá fẹ́ lọ gba oòrùn sí? Jẹ́ ká jọ jókòó."

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gba àbá òpònú yìí. Kálukú mú alátakò tirẹ̀ dání, wọ́n wá kún ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń gba atẹ́gùn fáànù mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá ìyàwó mi nìkan ni wọn ò bá ṣe àdéhùn. Màmá ti fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde láàárọ̀, wọ́n tẹ̀ka fún ọkùnrin kan tó ń díje tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, nítorí pé ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ìpolongo rẹ̀.

Ìbò kan ṣoṣo yẹn náà ló gbé e wọlé.

Bí èsì ìbò ṣe jáde, télọ̀ já wọ ilé wa tìbínú-tìbínú: "Màmá, ta lẹ yàn lé wa lórí yìí?"

Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èmi kàn tẹ̀ka ni, ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ yàn án."