Títí Ògiri Yóò Fi Gbẹ

"Omi lo bù la ọ̀dà mi, Pẹ̀lúmi! Àbí kí ló ń mú un bó bí èèpo àlùbọ́sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá ló ń pariwo báyìí nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Iyaro, nílùú Bìní, tó ń fi èékánná họ ara ògiri. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, fọwọ́ lẹ́rán lórí àga. Pẹ̀lúmi ni obìnrin akunlé tó kun ilé náà. Táyà ni bàbá yìí ń tà, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má gbé iṣẹ́ kíkun ṣọ́ọ̀ṣì tuntun fún Pẹ̀lúmi mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè tàn dé Ekenwan Road, níbi tí àwọn oníbàárà Pẹ̀lúmi pọ̀ sí, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Àwọn kan ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní ti akunlé, òun gan-an ni oúnjẹ.

"Ẹ má bínú, sà," ni Pẹ̀lúmi wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ògiri fúnra rẹ̀ léèrè."

Ó mú mítà tó fi ń wọn ọ̀rinrin jáde nínú báàgì. Kò tóbi ju fóònù lọ, irin ṣóńṣó méjì ló sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi kan ògiri iwájú, mítà dákẹ́. Ó fi kan òkè ògiri ẹ̀yìn, mítà dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kan ìsàlẹ̀ ògiri kan náà, ni mítà bá figbe ta bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀dà inú garawa kan náà ni mo fi kun gbogbo rẹ̀. Bí mo bá bomi là á, kí ló dé tí ti iwájú kò bó? Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìnkùlé."

Lẹ́yìn ilé, erùpẹ̀ pupa ga mọ́ ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá gbáyà sókè.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dà á. Ṣé o mọ àgbàrá Bìní, kì í mọ ilé onílé. Mo ní kí n dínà mọ́ ọn."

"Ẹ dínà mọ́ ọn lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ yìí ti ga ju ìpìlẹ̀ lọ. Gbogbo òjò tó bá mu, ara ògiri ló ń tú u sí."

Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀. Ó fa ṣọ́bìrì yọ, ó wa erùpẹ̀ kúrò lára ògiri. Búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin.

Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ wọn tó ń gbé ní Ekosodin nítorí ilé ìwé, tó wá kí wọn nílé, yọrí lójú fèrèsé. "Daddy, na you cause am o!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì Moyọ̀, ẹyin lohùn o," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Ẹ ti ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

Bàbá gba mítà, ó fúnra rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀ ògiri. Mítà ké. Ó tún fi kàn án jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Mítà tún ké. Ó bá fa fóònù yọ, ó pe Arákùnrin Àkàndé, akọ̀wé ìgbìmọ̀.

"Ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ nípa Pẹ̀lúmi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Òun ni kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún."

Ayọ̀ gba inú Pẹ̀lúmi kan, díẹ̀ ló kù kó jó.

"Ó yá, gbé ọ̀dà wá," ni bàbá wí. "Mo ní àlejò lọ́jọ́ Àìkú. Tún un kùn lónìí."

Pẹ̀lúmi nu ẹnu mítà, ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, sà. Ẹ jẹ́ ká kó erùpẹ̀ yìí kúrò ná, kí ògiri gbẹ. Ọjọ́ tí mítà bá dákẹ́ nísàlẹ̀ ni mo máa kùn ún."

Bàbá ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì na ọwọ́ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.