Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ìyá Ẹnikẹ́ni

Bí mo bá jókòó sí pálọ̀ wa báyìí, tí ilé dá páropáro, tí àwọn ọmọ ti nílé tiwọn, etí mi ṣì máa ń gbọ́ ariwo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ayé ọjọ́un. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ilé wa dùn. Kì í ṣe pé ó tóbi. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú pálọ̀ tí àga gígùn kan gba ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin ń bẹ níbẹ̀, èmi sì ni mò ń kọrin fún wọn.

Ọmọ wa ọkùnrin ló kó ohun èlò orin náà wálé. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí pé láti kékeré, bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Oníbàárà kan tó ń kó kúrò nílùú ló ní kó máa kó o lọ: gìtá oníke, ìlù oníke tó dúró lórí irin, máìkì méjì, àti àpótí géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Gìtá yẹn kò ní okùn kankan o. Bọ́tìnnì aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àmì róbótó á máa ṣàn bọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, aláwọ̀ ewé, pupa, yẹ́lò, bí ọ̀kan bá ti dé ìsàlẹ̀ ni wàá tẹ bọ́tìnnì tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, orin á dún. Bí o bá pẹ́, á ró gbàǹgàlà bí ìkòkò tó já bọ́, àwọn èrò inú tẹlifíṣọ̀n á sì hó lé ọ lórí.

Jẹ́jẹ́ mú gìtá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí à ń pè ní Ààrá nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó le, gba ìlù. Kò pẹ́ rárá tó fi tẹ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nídìí ìlù náà fọ́. Káfíńtà ni bàbá wọn. Ó wò ó títí, ó ní, "Ike ni wọ́n fi ṣe ohun tí ọmọ mi máa fẹsẹ̀ tẹ̀? Wọn ò mọ̀ ọ́n ni." Ó gé pákó, ó fi irin ilẹ̀kùn dè é, ó ṣe òmíràn, ìyẹn ò sì fọ́ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í bá wa ṣeré. Ó ní ohùn òun dà bí ayùn tó ń gé pákó tútù, kí a jẹ́ kí òun máa wòran.

Èmi ni mo ni máìkì. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwa obìnrin ti ń lọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti hòtẹ́ẹ̀lì, èmi ni mo sì máa ń dá orin fún wọn. Bí n kò bá dá orin, áyọ́ọ̀nù kì í yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ orin inú géèmù yìí, èdè tí n kò gbọ́ ni, ìwé rẹ̀ sì ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ìwé tí mo kà kò ju kí n mọ orúkọ mi. Mo bá ń fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i. Bàbá wọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀:

Káfíńtà kan ń bẹ nílé wa,
Ó kan ilẹ̀kùn fáyé gbogbo,
Tiwa ń dún kíyẹ́n-kíyẹ́n,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá kàn án.

Ààrá rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wọn ní, "Ẹ wo ìyàwó tí mò ń bọ́." Ṣùgbọ́n póíńtì tí ẹ̀rọ náà fún mi pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó yà mí lẹ́nu.

"Màmá, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ nìkan ló ń gbọ́." Ó fi ìlà kan hàn mí lókè tẹlifíṣọ̀n, tó ń gun òkè tó ń wọ kòtò bí ọ̀nà oko, àti ọfà kékeré kan tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. "Ọfà yẹn ni ohùn yín."

Ọfà yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ. Láti kékeré ni mo ti ń kọrin, n kò fojú rí ohùn mi rí.

Nígbà tó yá, gẹ̀gẹ̀ yọ sí mi lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹyin ẹyẹ, ó di bí ọsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ọ́. Dókítà obìnrin náà, ọmọdé tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Màmá, iṣan ohùn kò jìnnà síbi tí a gé. Ohùn á padà, ṣùgbọ́n irú èyí tó máa padà ni n kò lè ṣèlérí."

Ohun tó padà ò jọ ohùn. Bí mo bá ní kí n dá orin, á là sí méjì, á já. Níbi iṣẹ́, wọ́n wá ń lọ aṣọ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Nílé, kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún mi. "Ó ti ń bọ̀ sípò." "Ó dáa ju tàná lọ." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ní ẹ̀rọ yẹn ni n óò bi, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Bó bá ní ohùn ń bẹ, ó ń bẹ. Bó bá ní kò sí, n óò bẹ ọ̀gá kó gbé mi lọ sẹ́yìn, sídìí ẹ̀rọ tó ń fọṣọ, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni retí orin lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́, ọfà náà kò gbéra. Mo na ọrùn, mo dìde dúró, mo lé ohùn lọ síbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, lókè lọ́hùn-ún. Ọfà ń gbọ̀n nísàlẹ̀ bí òròmọdìyẹ tí òjò pa. Àwọn èrò hó lé mi lórí. Mo gbé máìkì kalẹ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ̀rọ yìí ti gbó ni."

"Kò gbó," mo ní. "Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bó bá kọ̀, ó parí."

Sátidé kejì, ọfà gbéra. Ó bà sórí ìlà bí ẹyẹ ṣe ń bà sórí wáyà iná, ó sì ń bá a lọ. Inú mi dùn, mo ń jó níbi tí mo dúró sí. Ààrá ń lu ìlù bí ẹni tó fẹ́ wó ilé, débi pé n kò gbọ́ ara mi dáadáa. Mo ní bàbá wọn dà, kó wá wo nǹkan. Jẹ́jẹ́ ní ó lọ sẹ́yìnkùlé. Àárín orin ni ikọ́ mú mi. Mo húkọ́ títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọfà ń lọ lórí ìlà, kò dúró dè mí.

Mo wo máìkì ọwọ́ mi. Mo fa wáyà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ́ tọ̀ mí wá, kò so mọ́ nǹkan kan. Wáyà kejì ló wà lára ẹ̀rọ, ó sì gba abẹ́ àga gígùn lọ. Mo yọjú sẹ́yìn àga. Bàbá Jẹ́jẹ́, ọkùnrin tó ga bí òpó iná, ká jọ síbẹ̀ bí ìgbín, ó fi aṣọ borí, ó ń kọ ọ́ sínú máìkì wúyẹ́wúyẹ́: "Tiwa ń dún kíyẹ́n-kíyẹ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́..."

Ìlù dákẹ́.

"Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn?" mo bi í.

"Ìṣó ni mò ń wá."

"Nínú máìkì?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jẹ́jẹ́, ó rí ojú mi, ó gbé e mì. Bàbá rẹ̀ dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Ìyá Jẹ́jẹ́, o ní bó bá kọ̀, ó parí. Kí ni kí n wá ṣe? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi kọ́ orin náà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tá a jọ ń kan àga ti rò pé orí mi dàrú."

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," mo ní, "ẹ ń tàn mí bí ẹni tan ọmọ jẹun."

Mo jókòó. Inú bí mi, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti ní ohùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì tún ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Síbẹ̀, nǹkan kan há sí mi lọ́kàn bí eegun ẹja láàárín eyín.

"Jẹ́jẹ́, ohùn bàbá yín yìí, tó rẹlẹ̀ bí ìsàlẹ̀ kànga, báwo ló ṣe dé orí ìlà tí tèmi ò dé?"

"Màmá, orin kan náà ni, bí ọmọdé kọ ọ́, bí bàbá àgbà kọ ọ́. Ẹ̀rọ kàn ń wò ó bóyá ẹ gòkè níbi tó yẹ kí ẹ gòkè ni. Ibi tó bá wù yín lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibi tó bá wù mí?"

"Ibikíbi."

Àṣé ohùn àtijọ́ ni mo ti ń lé kiri lókè àjà, bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tí wọ́n ti pa jẹ. N kò wo ìsàlẹ̀ rí. Ohùn tó nípọn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ìtìjú ló jẹ́ fún mi, kò wá sí mi lọ́kàn pé a lè fi kọrin.

Mo ní kí Jẹ́jẹ́ ki wáyà tèmi bọ ẹ̀rọ. Mo ní kí Ààrá rọra. Mo ní kí bàbá wọn jókòó síwájú mi, níbi tí n óò ti máa rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tún orin bẹ̀rẹ̀.

N kò na ọrùn. Mo lọ bá orin náà nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń kí ènìyàn káàárọ̀. Ọfà gbọ̀n, ó ṣìnà. Ó fara kan ìlà, ó bọ́, ó tún dé, ó wá jókòó. Ohùn já mọ́ mi lẹ́nu níbi tí orin ti ga jù, àwọn èrò kùn, mo sọ̀ kalẹ̀ mo tún bá a. Nígbà tó parí, póíńtì mi kéré, ó kéré gan-an ni, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní mo yege.

Bàbá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ wò ó o, kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi." Ó wò mí, ó ní, "A ti wá di ọkùnrin mẹ́ta nínú ilé yìí."

"Ẹ̀yin lẹ máa gba ohùn obìnrin báyìí, Bàbá," ni Ààrá wí.

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, n kò lọ bá ọ̀gá. Mo tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì mi, mo sì dá orin láti ìsàlẹ̀:

Aṣọ tó dọ̀tí kò lẹ́jọ́,
Ẹni tó lò ó ló jayé,
Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá,
Omi ń bẹ, ọṣẹ ń bẹ.

Gbogbo áyọ́ọ̀nù dúró. Obìnrin tó ń lọ ọrùn ẹ̀wù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bojú wẹ̀yìn. "Bàbá wo ló wọlé yìí?"

"Èmi ni."

"Ìyá Jẹ́jẹ́?"

"Èmi náà ni. Ẹ gbè é."

Ó ní ọ̀fun òun ò lè dé ìsàlẹ̀ yẹn, kí n gbé e sókè díẹ̀. Mo ní wọ́n ti ti òkè pa, kó wá bá mi nísàlẹ̀. Wọ́n wá a kiri, olúkúlùkù ń kùn bí oyin, títí ẹnì kan fi rí i tí àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Áyọ́ọ̀nù tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ooru gbígbóná ń rú lára aṣọ títí a kò fi rí ojú ara wa mọ́, ohùn nìkan là ń gbọ́.